Igbó Tí Kò Ju Àmì Bírò Kan Lọ: Bí A Ṣe Ń Wọn Ewéko Àdáyébá láti Etí Òkun dé Ilẹ̀ Yewa

Ìwádìí ewéko àdáyébá ni iṣẹ́ tí a fi ń mọ irú igi, koríko, ìtàkùn àti àfòmọ́ tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti irú èyí tó máa ń bá irú èyí gbé. Yíyàwòrán rẹ̀ sì ni gbígbé ohun tí a rí náà sórí ìwé, kí a fi ìlà àti àwọ̀ ya ibi tí àwùjọ ewéko kan parí sí kúrò lára ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ló wà nídìí ìtọ́jú igbó ọba níbikíbi, nítorí pé bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú igbó tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ní igbó náà ń tán lọ àti ẹni tó ní kò sí ohun tó ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ tí a ó fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ láti orí iyanrìn etí òkun Àgbádárìgì, ó gba orí ọ̀sà kọjá sí Ìpókíá àti erékùṣù Tongeji, ó bá odò Yewa gòkè lọ sí Ìlaròó àti Ẹ̀gùá, ó sì parí sí ọ̀dàn Ayétòrò àti agbègbè Tube lẹ́bàá ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Bí a bá na okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, síbẹ̀ ewéko rẹ̀ ń yí padà léraléra. Lórí iyanrìn gan-an, níbi tí omi iyọ̀ ti ń ta sára ohun gbogbo, ìwọ̀nba ewéko ló lè gbé: ìtàkùn olódòdó àlùkò kan, tó jẹ́ ìbátan ọ̀dùnkún, ló máa ń fà kiri níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di iyanrìn mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gbà, igi inú omi oníyọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó gun àgéré. Níbi tí iyọ̀ ti dínkù, irà omi tútù ló kàn, ilẹ̀ ògùrọ̀ àti abùrà. Lẹ́yìn irà ni igbó ńlá tó yẹ kí àfárà, arère, ọ̀gánwó àti ìrókò wà nínú rẹ̀; bí a bá sì ti kọjá Ìlaròó sókè, igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́, koríko gíga á máa wọ àárín rẹ̀, títí a ó fi bọ́ sí ọ̀dàn níbi tí ayín, apá àti igi irú ti dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó mú kí ọ̀dàn sún mọ́ òkun tó báyìí ní ìhà yìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Àlàfo Dahomey, ìyẹn ibi tí igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti já sí méjì, láti gúúsù ìlà-oòrùn Ghana gba Togo dé Bẹ̀nẹ̀, tí koríko sì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi òkun. Òjò ọdún kan ní Accra kò ju nǹkan bí mìlímítà 800 lọ, ti Kútọnu jẹ́ nǹkan bí 1,300, nígbà tí ti Èkó kọjá 1,500. Ilẹ̀ Yewa sì wà ní etí àlàfo náà lápá ìlà-oòrùn, níbi tí òjò ti ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí Èkó. Ẹrẹ̀ tí àwọn onímọ̀ wà láti ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì yẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ inú rẹ̀ wò, fi hàn pé igbó ló bo ibẹ̀ títí di nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí ojú ọjọ́ tó gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí awọnlẹ̀ bá dúró nínú koríko lẹ́yìn Ayétòrò, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń kojú rẹ̀ ni bóyá òjò ló dá ọ̀dàn yìí tàbí àdá àti iná; ìdáhùn tó bá sì mú ló máa pinnu àwọ̀ tí yóò fi kùn ún.

Àwọn ará ilẹ̀ náà ti ní ìpín tiwọn tipẹ́. Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé a dáko sí rí. Ijù ni aginjù tó jìnnà sí ilé àti ọ̀nà. Ọ̀dàn ni pápá oníkoríko tí igi fọ́nká sí. Àbàtà ni ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Àkùrọ̀ sì ni etí odò tí a lè gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe ìrísí ilẹ̀ nìkan ni orúkọ wọ̀nyí ń sọ, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ àti ìwúlò rẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àkùrọ̀ àti àbàtà fi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí àjòjì kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Àwòrán ilẹ̀ tó bá kó àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, irà, kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti da ohun tó lé ní ìdajì ìmọ̀ nù.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwé ìjọba kọ ewéko ilẹ̀ yìí sílẹ̀ kò wá nítorí ìtọ́jú. Owó ni wọ́n ń wá. Alfred Moloney, gómìnà Èkó, tẹ ìwé lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1887, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Ebúté-Mẹ́ta, rọ́bà, epo pupa àti igi gẹdú ló sì gba ọ̀pọ̀ ojú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1899 ni wọ́n ya Olókemèjì sọ́tọ̀ ní etí odò Ògùn, ó sì wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; bí ọdún ti ń gorí ọdún ni Ilaro, Eggua, Ohumbe, Aworo àti Ọmọ náà wọ inú ìwé ìjọba. Ní 1949, R. W. J. Keay tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó pín ewéko Nàìjíríà láti òkun dé ẹnu aṣálẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dàn tó wà ní àríwá igbó kìjikìji jẹ́ èyí tí ọwọ́ ènìyàn dá. Ní 1976 sí 1977, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ẹ̀rọ rédà fò káàkiri Nàìjíríà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NIRAD, wọ́n sì fi ohun tó rí ya ewéko àti ìlò ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní òṣùwọ̀n 1 sí 250,000. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n lè mọ ohun tó ti yí padà. Ní 1983, Frank White parí àwòrán ewéko gbogbo Áfíríkà fún UNESCO, òṣùwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ 1 sí 5,000,000.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ohun tí a lè sáré kọjá, nítorí òun ló ń pinnu igbó tó wà àti igbó tí kò sí. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ 1 sí 5,000,000, mìlímítà kan lórí ìwé dúró fún kìlómítà márùn-ún lórí ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 250,000, mìlímítà kan dúró fún 250 mítà, ìyẹn ni pé igun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà kan lórí àwòrán NIRAD jẹ́ hẹ́kítà 6.25. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ka igbó òrìṣà ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n rí 2,940, tí gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Ẹni tó bá pín èkejì sí èkíní yóò rí i pé igbó kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 6.2. Bí irú igbó bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé ní apá ibí yìí ẹnubodè, kò ju àmì bírò kan lọ lórí àwòrán tó dára jù tí Nàìjíríà ṣe fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ lásìkò náà, ayàwòrán kankan kò sì ní fi àmì bírò sílẹ̀ láàárín àwọ̀ oko. Yóò pa á rẹ́ kí àwòrán lè mọ́. Ìpíndọ́gba lásán sì ni hẹ́kítà mẹ́fà náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú igbó wọ̀nyẹn kò tó hẹ́kítà kan. Ibùdó ìtọ́jú ẹ̀dá ní Lekki, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ hẹ́kítà 78, ó ní irà, ọ̀dàn àti igbó nínú, àwọn ènìyàn sì ń sanwó wọ ibẹ̀ láti rí ọ̀bọ. Lórí àwòrán NIRAD kò tó ẹ̀wà kan.

Sátẹ́láìtì ti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé ààyè kan. Láti 1972 ni Landsat ti ń ya àwòrán ayé láti òfuurufú, láti 1982 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ ti dúró fún ọgbọ̀n mítà níbùú lóòró, àti láti 2008 ni ẹnikẹ́ni ti lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sentinel-2 ti Yúróòpù, tó gòkè ní 2015, dín in kù sí mítà mẹ́wàá. Ohun tí a ń pè ní ẹyọ níhìn-ín ni igun mẹ́rin tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè fi àwọ̀ kan ṣoṣo hàn: gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ewé, omi, òrùlé páànù, ló dà pọ̀ di àwọ̀ kan náà. Bí ẹ̀gbà bá wà létí ọ̀sà ní ọ̀wọ́ tó fẹ̀ tó mítà méjìlá péré, Landsat yóò pò ó mọ́ omi, kò sì ní hàn, Sentinel-2 lè rí i ní ẹyọ kan, ọkọ̀ dírónù tó ń fò ní òkè rẹ̀ tààrà á sì rí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dá ewéko mọ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ewé tó yè máa ń mu ìmọ́lẹ̀ pupa láti fi ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń da irú ìmọ́lẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí, padà sókè. Bí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì bá ti pọ̀ tó ni ewé ṣe tutù tó. Èyí ń sọ pé ewé wà níbẹ̀, kò sọ ewé ta ni. Tíìkì àti mẹ́láínà tí ìjọba gbìn sínú igbó ọba, oko kòkó àti obì tó wà lábẹ́ ìbòòji, ọgbà àgbọn Àgbádárìgì, gbogbo wọn ló ń dán lójú sátẹ́láìtì bí ẹgàn. Ọgbọ́n tí a ń dá sí i ni kí a ya àwòrán ní ìgbà méjì lọ́dún kan, nítorí tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ọyẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ igi inú igbó tútù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbà òjò ní etí òkun jẹ́ ìgbà ìkùukùu, ó sì lè pé oṣù mélòó kan kí ojú ọ̀run tó mọ́ lọ́jọ́ tí sátẹ́láìtì ń kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ a máa bo ojú, iná oko a sì máa fi àpá dúdú sílẹ̀ káàkiri ọ̀dàn. Rédà, tó ń rí ìsàlẹ̀ láti inú ìkùukùu, ló fi wúlò fún NIRAD nígbà náà lọ́hùn-ún, òun náà ni Sentinel-1 ń lò láti 2014. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1972, èyí tí wọ́n mọ̀ sí RECTAS nígbà náà tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí a ṣe ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ ilẹ̀ ni a ti ń mọ òótọ́. Àwọn tó máa wọ igbó kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ: ẹni tó di GPS mú, tó ń ka ìlà òró àti ìlà ìbú, ẹni méjì tó ń fa téèpù, akọ̀wé, àti ẹni tó mọ igi, tó sábà máa ń jẹ́ ọdẹ tàbí ẹléwé ọmọ ará ibẹ̀, tí iṣẹ́ gbogbo á sì dúró lọ́jọ́ tí kò bá wá. Wọ́n á yan ibi tí wọn yóò ti wọn igi kí wọ́n tó kúrò nílé, lórí àwòrán, kí ẹsẹ̀ má baà fa wọ́n síbi tó rọrùn láti dé. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á fi okùn ká àyè tó gùn ní àádọ́ta mítà tó sì fẹ̀ ní ogún mítà, ìyẹn ìdá mẹ́wàá hẹ́kítà kan. Gbogbo igi tí ìdábùú rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni wọn yóò wọ̀n, ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, tó jẹ́ ìwọ̀n àyà àgbàlagbà. Téèpù kì í la inú igi kọjá, yíyí ni wọ́n ń yí i ká a, wọn yóò sì fi 3.14 pín ohun tí wọ́n rí: igi tí àyíká rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, ìdábùú rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn tó báyìí, igi kì í jẹ́. Àràbà àti ọ̀pọ̀ igi ńlá a máa na apá gbòǹgbò tó ga ju ènìyàn lọ, tó jẹ́ pé ẹni tó bá yí téèpù ká a ní ìwọ̀n àyà ti wọn gbòǹgbò ni, kò wọn igi. Nítorí náà òkè ibi tí apá náà parí sí ni a ó ti wọ̀n ọ́n, àkàbà ni a ó sì gùn. Ti ẹ̀gbà tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ tó tan ka ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n láti orí gbòǹgbò tó ga jù kí a tó fi téèpù sí i. Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni iṣẹ́ á ṣeé ṣe, èyí kò sì ju wákàtí mélòó kan lọ kí omi tó tún kún. Bàtà tó bá há sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ ti di ti ẹrẹ̀. Kì í ṣe irú igi kan ṣoṣo ló ń gbé inú omi oníyọ̀ náà. Irú kan wà tí kì í gun àgéré, tó jẹ́ pé gbòǹgbò kéékèèké ló ń yọ sókè láti inú ẹrẹ̀ bí ẹgbẹ̀rún pẹ́ńsù láti máa mí. Bí ọwọ́ bá kan ewé rẹ̀, a rí iyọ̀ funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ahọ́n ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ń dá a mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Koríko àti ìtàkùn kò ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí Josias Braun-Blanquet, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi lélẹ̀ ni pé kí a fi ojú díwọ̀n ìdá ilẹ̀ tí ewéko kọ̀ọ̀kan bò: bí ó bá bo ohun tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, a fún un ní márùn-ún, bí ó bá bo ìdajì sí ibẹ̀, mẹ́rin, títí dé orí ení, tó jẹ́ ti èyí tí kò bo márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú lè tanni, nítorí náà ẹni méjì ni ó máa ń díwọ̀n láìsọ fún ara wọn, kí wọ́n tó fi ohun tí wọ́n kọ wéra.

Orúkọ ewéko ni iṣẹ́ tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Ọdẹ lè pe igi kan ní àfárà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àfárà kan wà, àfárà dúdú wà, ìdígbó sì ni orúkọ kejì tí àfárà dúdú ń jẹ́, igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n lójú onímọ̀ ewéko. Ewé tí wọ́n ń pè báyìí ní Ìlaròó lè jẹ́ orúkọ mìíràn ní Kétu. Z. O. Gbile kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ nínú ìwé kan lórí orúkọ Yorùbá fún ewéko Nàìjíríà, èyí tí ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ ní 1984, síbẹ̀ kò sí ìwé tó lè dúró fún ewé gan-an. Nítorí ìdí èyí, igi tí kò bá dáni lójú ni a ó já ẹ̀ka rẹ̀ kan, tó ní ewé, tó ní òdòdó tàbí èso bí ó bá ṣeé ṣe. A ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, a ó fi pákó méjì àti okùn há a mọ́lẹ̀, a ó sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, nítorí pé èyíkéyìí tó bá hu funfun ti ṣòfò. Ìwé pélébé kan ni a ó so mọ́ ọn, tó ń sọ ọjọ́, ibi, orúkọ tí ará ibẹ̀ pè é, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ilé ewé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Forest Herbarium Ibadan, ní Jericho, ni irú rẹ̀ ń lọ, níbi tí ewé tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún wà nínú àpótí, tí àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Kí tilẹ̀ ni àdáyébá? Ìbéèrè yìí kì í dáni lójú tó bí ó ṣe jọ. Àgbọn tó ṣe etí òkun Àgbádárìgì lẹ́wà jẹ́ àjòjì tó ti òkèèrè wá. Dóńgóyárò ti Íńdíà wá. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ìyẹn fi hàn pé ìṣèlú kò jẹ́ kí igbẹ́ sinmi), dé Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930 pẹ̀lú irúgbìn mẹ́láínà láti Sri Lanka, ó sì ti gba gbogbo ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Lórí omi, ojú oró àti òṣíbàtà ni àwọn bàbá wa mọ̀; ṣùgbọ́n ní 1984 koríko omi olódòdó àlùkò kan gba ọ̀nà omi láti Bẹ̀nẹ̀ wọ odò Àgbádárìgì, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja dé Èkó. Lójú sátẹ́láìtì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ àwọ̀ ewé lórí omi. Ìgbà pẹ̀lú a máa yí àwòrán náà padà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọ ọ̀sà, iyọ̀ máa ń pa èyí àjòjì náà, àwòrán oṣù kejì á sì fi omi tó ṣófo hàn níbi tí ti oṣù kẹsàn-án ti fi pápá hàn.

Iná ni ìdánwò mìíràn. Ní Olókemèjì, láti 1929, àwọn onímọ̀ ya ilẹ̀ ọ̀dàn kan sí mẹ́ta: wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí iná kò kàn ti di igbó tó ṣókùnkùn, èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó sì wà ní pápá oníkoríko, pẹ̀lú igi tí kò pọ̀. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Awọnlẹ̀ tó bá ya èyí tó ń jó ní ọ̀dàn kò ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé iná ló mú un bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ dá igbó padà ní Ẹ̀gùá kò nílò láti gbin igi, bí ó bá ti lè dá iná dúró.

Igbó Orò àti igbó òrìṣà ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ di ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni wọ́n ní igi àtijọ́ jù. A kì í ti ojú ọ̀nà wọ ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, òun ni yóò darí wọn sí olórí àwọn abọrẹ̀, obì ni wọ́n sì ń mú dání, kì í ṣe lẹ́tà nìkan. Obìnrin kì í wọ igbó Orò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni olórí ìwádìí. Bí àwọn àgbà bá sì kọ̀ pátápátá, ohun tó tọ́ ni kí a ya etí igbó náà láti òkèèrè, kí a sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófo lórí àwòrán pẹ̀lú àlàyé ìdí rẹ̀. Òfo tó ní àlàyé sàn ju àwọ̀ tí a méfò lọ. Ibi tí igi oògùn tó ṣọ̀wọ́n wà gan-an kò yẹ kí ó hàn fún gbogbo ayé, nítorí pé ẹni tó ń wá èèpo rẹ̀ tà náà mọ̀ bí a ṣe ń ka GPS. Ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ Eco-Bénin fi igi inú omi oníyọ̀ wọn sábẹ́ ààbò Zangbeto, egúngún olùṣọ́ òru tí àwọn Ògù Àgbádárìgì náà ní, ẹni tó bá sì gé igi níbi tí Zangbeto ti fi àmì sí mọ ẹni tó máa bá a wíjọ́. Agbègbè náà wà nínú ilẹ̀ ìtọ́jú Mono tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2017, tí ó pa Bẹ̀nẹ̀ àti Togo pọ̀.

Bí àwòrán bá parí, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á mú ibi mélòó kan lórí rẹ̀ tí wọn kò tíì débẹ̀, wọ́n á lọ wò ó. Ká ní àádọ́ta ibi ni àwòrán pè ní ẹgàn, tí méjìdínlógójì jẹ́ ẹgàn lóòótọ́, tí mẹ́sàn-án jẹ́ oko kòkó, tí mẹ́ta sì jẹ́ tíìkì, òótọ́ rẹ̀ lórí ẹgàn jẹ́ 76 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó yẹ kí ó wà létí àwòrán náà nìyẹn. Wọn a máa fi iye kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn, tí omi àti ìlú, tí kò sẹ́ni tó lè ṣì wọ́n mọ̀, á sì gbé máàkì sókè fún igbó tí kò yege.

Ibi tó le jù láti yà ni ẹnubodè. Ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 la ilẹ̀ Kétu, Ọ̀họ̀rí àti àwọn ará Yewa já, ó sì la ìwé ewéko wọn já pẹ̀lú: àwòrán Nàìjíríà dúró níbẹ̀, ti Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi èdè méjì pín ewéko sí ọ̀nà méjì, àwọ̀ wọn kò sì bára mu. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti odò Àgbádárìgì jẹ́ omi kan náà. Ní ọdún 2000, Bẹ̀nẹ̀ forúkọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, tó jẹ́ àdéhùn gbogbo ayé lórí ìtọ́jú ilẹ̀ irà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Iran ní 1971; Nàìjíríà náà wọ inú àdéhùn yìí ní 2001, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ti etí òkun Èkó tàbí Ògùn nínú àwọn ilẹ̀ irà tó forúkọ wọn sílẹ̀. Ògùrọ̀ tó wà ní apá kan omi ní ààbò lórí ìwé. Èyí tó wà ní apá kejì, tí èso rẹ̀ lè bá omi kọjá wá, kò ní.

Kí àwọn tó wọn igbó tó kúrò nínú àyè tí wọ́n fi okùn ká, wọ́n á kan nọ́ńbà onípáànù mọ́ igi kọ̀ọ̀kan. Mítà 1.6 sókè ni wọ́n ń kan ìṣó náà sí, kì í ṣe 1.3, nítorí igi máa ń wú níbi tí ìṣó bá wọlé, wíwú náà kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ téèpù lọ́jọ́ iwájú. Wọn kì í kàn án wọlé tán, kí igi lè ríbi sanra sí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn mìíràn á tún padà wá pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, wọ́n á máa pe nọ́ńbà, ẹni tó di téèpù á máa dáhùn. Níbi tó bá ti jẹ́ pé kùkùté ló dáhùn, akọ̀wé á kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, á kọ bóyá àdá ni tàbí ẹ̀rọ agégi, wọ́n á sì pe nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.